Ọkọ̀ rìmóòtù àbí hẹlikọ́pítà: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fowó yín rà ní Òṣogbo?

Tí mo bá gbé ẹrù mi dé pápá iléèwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sunday, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi dúró tì mí, á wò ó wò ó, ìbéèrè ẹ̀ àkọ́kọ́ náà ò sì yàtọ̀ rí: “Bọ̀dá, èló nìyẹn?” Mo máa ń dá wọn lóhùn o, àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ò tíì kàn, èyí tó yẹ kí wọ́n bi mí ni pé èló ni mò ń ná lọ́jọ́ tó bá já lulẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fi ra nǹkan yìí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án. Owó àtúnṣe ló máa ń kan ilẹ̀kùn lóṣooṣù bí òṣìṣẹ́ NEPA tó mú bíìlì dání.

Mo ní ọkọ̀ rìmóòtù méjì, mo ní hẹlikọ́pítà kan tó ń fò, mo sì ní òmíì tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òkú nìyẹn. Ohun tí mo bá kọ síbí, àpò mi ló kọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìdájọ́ mi kíákíá kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ: ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró gbọ́ ìdí ẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé hẹlikọ́pítà gan-an ló bá wọn lára mu, mo mọ irú wọn, mo sì ti fẹ́ di ọ̀kan nínú wọn.

Ká kọ́kọ́ yọ tọ́ọ̀yì kúrò

Èyí tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba nínú páálí aláwọ̀ mèremère, tó ń lo bátìrì rédíò mẹ́rin, tọ́ọ̀yì nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, táyà á yí tán pátápátá sí òsì tàbí sí ọ̀tún, kò sí àárín, bí gíà kan bá sì ti jẹ nínú ẹ̀ ó parí, kò síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rí gíà yẹn rà. Irú tí mò ń sọ ni èyí tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ díẹ̀ táyà náà á yí díẹ̀, bẹ́ ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́ á rọra lọ, gbogbo nọ́ọ̀tì àti gíà inú ẹ̀ ni wọ́n sì ń tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Rìmóòtù wọn ń lo ìgbì rédíò 2.4GHz, torí náà èèyàn mẹ́wàá lè jọ ṣeré lórí pápá kan láìsí pé ti ẹnì kan ń da ti ẹlòmíì rú, kò dà bíi 27MHz àtijọ́ tó jẹ́ pé bí ọmọ aládùúgbò bá tan tiẹ̀, tiyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra ẹ̀.

Ní ti ọkọ̀, nọ́ńbà bíi 1/10, 1/14 tàbí 1/18 tẹ́ ẹ máa rí lára páálí, ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ gidi gùn tó o nígbà mẹ́wàá, mẹ́rìnlá tàbí méjìdínlógún. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ni WLtoys 144001, 1/14 ni, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wọ́ ọ, bátìrì àti rìmóòtù ń bá a wá. Tí owó bá wà, Traxxas Slash tàwọn ará Amẹ́ríkà wà, 1/10, ó le bí òkúta. Tamiya ti Japan náà wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú tiwọn ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tò ó láti orí nọ́ọ̀tì kan dé òmíì, ẹni tó bá fẹ́ràn irú ẹ̀ á gbádùn ẹ̀ kó tó gbé e jáde rárá. Ẹ má tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì kékeré. Epo ẹ̀ kì í ṣe pẹtiróòlù, mẹ́tánọ́ọ̀lù àti nitromethane pẹ̀lú ọ́ìlì ni wọ́n pò pọ̀, kò sí fílìn-sítéṣọ̀n kankan l'Òṣogbo níbí tó máa bù ú fún yín.

Hẹlikọ́pítà, ẹ̀yà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ nirú Syma S107, abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà lórí ara wọn, inú ilé ló ti ń fò, ìmọ́lẹ̀ infrared ni rìmóòtù ẹ̀ ń lò bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tí oòrùn bá ti tàn sí i kì í gbọ́ràn mọ́. Èkejì nirú V911, abẹ̀bẹ̀ kan lórí, kékeré kan nírù, ó wọ́n díẹ̀ jù u lọ, afẹ́fẹ́ ló ń bá a jà. Ẹ̀kẹta ni baba ńlá wọn, àwọn oníkáńẹ̀lì mẹ́fà (ọ̀nà mẹ́fà ni rìmóòtù fi ń darí wọn), tí igun abẹ̀bẹ̀ wọn ń yí padà bó ṣe ń fò, tó fi lè dorí kodò lójú ọ̀run tí kò sì ní já. XK K110 ni kékeré nínú wọn, nǹkan bíi 50 gírámù péré. Irú 450 (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe tóbi tó), bíi T-Rex ti Align, ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan, òun làgbà tí mo fọwọ́ kàn. Ẹ̀yà kẹta yìí ni mò ń fi wé ọkọ̀, torí òun náà ni àwọn èèyàn máa ń rí lórí YouTube tí ara wọn á máa gbọ̀n.

Ọjọ́ ìrajà, ibi tó ti ń tan yín

Mi ò ní kọ iye náírà tí wọ́n ń tà á lónìí, torí kẹ́ ẹ tó ka èyí tán dọ́là lè ti gun igi. Ẹ jẹ́ ká fi 1,500 náírà ṣèṣirò dọ́là kan, tó bá ti yí lọ́dọ̀ yín, ẹ bá a yí i.

144001, nǹkan bíi 90 dọ́là, ìyẹn 135,000. Ṣájà tó ń bá a wá máa ń falẹ̀ bí ìgbín, torí náà ẹ fi ṣájà gidi kan sí i, irú B6, nǹkan bíi 35 dọ́là, 52,500. Bátìrì méjì sí i, 15 dọ́là ọ̀kan, 45,000. Àpapọ̀ ẹ̀ 232,500, ká tó sanwó ẹrù.

K110, nǹkan bíi 130 dọ́là, 195,000. Bátìrì ẹ̀ kékeré ni, 6 dọ́là ọ̀kan, ẹ ra mẹ́rin, 36,000. Abẹ̀bẹ̀ àti ṣáfùtì tẹ́ ẹ máa tọ́jú kó tó kú, 30 dọ́là, 45,000. Okùn tẹ́ ẹ máa fi so rìmóòtù mọ́ láptọ́ọ̀pù fún símúlétọ̀ (géèmù tẹ́ ẹ máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ó), 15 dọ́là, 22,500. Àpapọ̀, 298,500. Ẹ wò ó, 66,000 ló wà láàárín wọn! Bó ṣe tan èmi náà nìyẹn. Mo wò ó, mo ní ṣé torí 66,000 ni mo fi máa máa wa nǹkan kiri lórí ilẹ̀ nígbà tí mo lè máa fi nǹkan fò.

Tẹ́ ẹ bá wá gòkè, àlàfo á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Slash nǹkan bíi 250 dọ́là, bátìrì àti ṣájà ẹ̀ bíi 80, ó ń lọ sí 495,000. Hẹlikọ́pítà 450: òun fúnra ẹ̀ 350, rìmóòtù 60, bátìrì mẹ́ta 75, ṣájà àti irinṣẹ́ 65, gbogbo ẹ̀ 550 dọ́là, 825,000 náírà. Màámi wá kí wa láti Ìkìrun lọ́jọ́ tí mo tú tèmi jáde nínú páálí, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí. “Èló ni?” Mo dín in kù, mo sọ ìdajì. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé nítorí èyí lo ò ṣe tíì kun ilé?” Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.” Wọ́n ní kí n má ṣàlàyé, kí n lọ gbé omi wá fáwọn.

Ọ̀rọ̀ bátìrì níbi ìrajà: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá wa kó ẹrù wá láti China kì í fẹ́ gba bátìrì lítíọ́mù lásán, torí ó máa ń gbiná, báàlúù ò fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tó bá wà nínú páálí pẹ̀lú ọkọ̀ máa ń rọrùn fún wọn ju èyí tó dá wà lọ. Torí náà ẹ ra bátìrì tẹ́ ẹ máa lò fún ọdún kan pọ̀ mọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sọ pé tó bá yá. Tó bá dé Èkó, wọ́n á fi wébíìlì gbé e wá sí gáréèjì fún yín, ẹ tú u wò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, bí ojú awakọ̀ ò bá tiẹ̀ dáa.

Ọjọ́ ìjábọ́, ibi tí òótọ́ wà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló gba rìmóòtù ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, ó sì wa ọkọ̀ sínú gọ́tà. Gọ́tà Òṣogbo ẹ mọ̀ ọ́n, tó jìn bíi kànga. A fi igi fà á jáde, ààmù táyà iwájú kan ló kán. Dọ́là mẹ́rin ni wọ́n ń ta méjì ẹ̀. Àmọ́ mi ò tiẹ̀ dúró dè é, mo fi súpà gúlúù lẹ̀ ẹ́, mo bu eérú díẹ̀ lé e kó yára gan, mo fi okùn ike dì í, ọkọ̀ tún sá lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà. Ààmù tuntun dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, gúlúù yẹn ṣì dì í mú.

Ẹ jẹ́ n sọ ti hẹlikọ́pítà. 450 tèmi, tòkúnbọ̀ ni mo rà á. Sátidé kan, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kò sí afẹ́fẹ́, ìrì ṣì wà lórí koríko, bátìrì kẹfà tí màá lò láti ìgbà tí mo ti rà á. Mo gbé e sókè dé orí àyà, ó dúró. Inú mi dùn. Mo wá rọra fìrù ẹ̀ yí, ó kọjú sí mi. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, torí tí hẹlikọ́pítà bá ti kọjú síni, òsì ẹ̀ ti di ọ̀tún yín, iwájú ẹ̀ ti di ẹ̀yìn. Ó ń sún mọ́ mi, ọwọ́ mi fẹ́ lé e padà, ni mo bá tì í síhìn-ín dípò ọ̀hún. Bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Mo bẹ́ sẹ́yìn, mo gbọ́ gbàgà, abẹ̀bẹ̀ kan fò kọjá lọ bọ́ sídìí igi máńgòrò, gbogbo ẹ̀ tún dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo tò ó sílẹ̀ lórí pákà nílé bíi babaláwo tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀: abẹ̀bẹ̀ méjèèjì, ṣáfùtì ńlá ti tẹ̀, ṣáfùtì kékeré tó gba àárín abẹ̀bẹ̀ náà ti tẹ̀, ọ̀pá ìrù ká bí etí ìkòkò, gíà ńlá já eyín mẹ́ta, servo kan (mọ́tò kékeré tó ń yí igun abẹ̀bẹ̀ padà) ń ké kèrèkèrè. 74 dọ́là. 111,000 náírà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì! Mo ra ẹrù náà, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́nà, ìgbà tó sì dé, ṣáfùtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ tóbi ju tèmi lọ. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mọ́. Òun ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn.

K110 ò burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n má purọ́ mọ́ ọn. Ó fúyẹ́ débi pé tó bá já sórí koríko ó máa ń ta padà ni, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti kọ́ ọwọ́ yín láti fa bọ́tìnnì tó ń pa mọ́tò kó tó kan ilẹ̀. Àṣírí kan ṣoṣo tó dín ìnáwó mi kù jù nìyẹn: tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ pa á, ẹ má gbìyànjú láti gbà á là. Ẹni tó bá ń bá a jà títí dé ilẹ̀ ló ń ra ṣáfùtì.

Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ mi, bátìrì kan ń fún mi ní ìṣẹ́jú méjìlá, mẹ́ta ni mò ń lò lẹ́ẹ̀kan tí mo bá jáde, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóṣù, ìṣẹ́jú 144. Owó àtúnṣe ẹ̀ lóṣù kì í ju 6,000 lọ. Ìyẹn ń bọ̀ sí náírà 42 lórí ìṣẹ́jú kan. K110, lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bátìrì mẹ́rin ni mo máa ń gbé jáde o, àmọ́ lórí ìkejì ni nǹkan ti máa ń kán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti ń kó ẹrù. Ìṣẹ́jú 40 lóṣù, 30,000 náírà ìnáwó. 750 náírà lórí ìṣẹ́jú kan! Owó tó máa ra bọ̀lì àti ẹ̀pà tí mo fi máa yó. Nígbà tí ọwọ́ mi wá mọ́ ọn, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó já wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọkọ̀ dọ́gba. Torí náà ẹni tó bá máa ra hẹlikọ́pítà, owó iléèwé oṣù mẹ́fà yẹn ni kó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ léèrè bóyá ó ní in.

Ìgbádùn wọn ò jọra rárá

Ọkọ̀ dùn láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti tú u jáde. Ẹ gbé e sílẹ̀, ó sáré, gbogbo ilé ń pariwo. Wọ́n kọ ọ́ pé 144001 ń sáré tó 60 kìlómítà ní wákàtí, èmi ò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n, mo kàn mọ̀ pé kò sí ọmọ kankan ládùúgbò wa tó lè lé e bá. A ń fi búlọ́ọ̀kù méjì àti pákó kan ṣe òkè fún un, á fò, á balẹ̀, á tún lọ. Alhaji tó ń ta símẹ́ńtì lójú ọ̀nà wa, èèyàn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan “kí n kàn wò ó”, ìgbà tí bátìrì kú ló tó dá a padà. Nǹkan tí a lè jọ ṣe nìyẹn. Àléébù ẹ̀ nìyí: tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ní in, lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta ẹ ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ pápá yẹn tán, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sú yín. Oògùn ẹ̀ ni kí ọ̀rẹ́ kan náà ra tiẹ̀. Ọkọ̀ méjì tó ń lé ara wọn dùn ju ọkọ̀ olówó ńlá kan tó ń dá sáré lọ, ìdí tí mo ṣe ra ìkejì nìyẹn, mo máa ń yá àwọn èèyàn.

Ti hẹlikọ́pítà, ìgbádùn ẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé, tó bá sì dé tán ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí K110 tó lè dúró lójú kan níwájú mi fún odindi bátìrì kan láìsí bọ́tìnnì 6G tó ń bá èèyàn gbé e dọ́gba. Kì í ṣe pé ó dúró gbagidi o, ìwọ̀n tábìlì kan ló ń rìn síwá sẹ́yìn. Òógùn ń bọ́ sí mi lójú, mi ò lè nù ún, àtàǹpàkò mi ń gbọ̀n, mo ń mí bí ẹni gun òkè. Nígbà tó balẹ̀, mo fẹ́ kígbe. Ọmọ tó dúró tì mí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ wò mí, ó ní, “Bọ̀dá, ó kàn dúró lójú kan ni, ìgbà wo ló fẹ́ fò?”

Mi ò lè ṣàlàyé fún un. Ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá jùwọ́ sílẹ̀, ó dúró, ẹ lè yọ ọwọ́ dáhùn fóònù. Hẹlikọ́pítà, tẹ́ ẹ bá jùwọ́ sílẹ̀, ó ń wá ibi tó máa kú sí. Gbogbo ìṣẹ́jú àáyá lẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni gbé ẹyin lé orí ṣíbí tó tún ń gun kẹ̀kẹ́. Ohun tó mú mi nínú ẹ̀ ni pé fún ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, mi ò rántí gbèsè, mi ò rántí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá ní dróònù á sọ pé òun náà ń fò, ó dáa, àmọ́ dróònù tó ní GPS ń fò fúnra ẹ̀, ẹ kàn ń tọ́ka ọ̀nà fún un ni.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sọ fúnni: ọkọ̀ ń kọ́ yín ní hẹlikọ́pítà. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, òsì ẹ̀ náà di ọ̀tún yín. Àṣìṣe tó gba 111,000 lọ́wọ́ mi yẹn, lórí ọkọ̀ òun kan náà ò ju pé táyà á kọlu bíríìkì. Ká ní mo ti fi ọkọ̀ ṣeré fún oṣù mẹ́fà kí n tó ra 450, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Símúlétọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa, lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ já a lulẹ̀ lọ́gọ́rùn-ún ìgbà, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ó dìde, kò sẹ́ni tó bèèrè owó. Wákàtí 20 sí 30 ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé gidi jáde, mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é, èmi náà ò ṣe é.

Òṣogbo fúnra ẹ̀ ní tiẹ̀ láti sọ

Lásìkò ọyẹ́, erùpẹ̀ pupa yìí ń wọ inú béárìn ọkọ̀ bí ẹni bu gààrí sínú ẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá a lẹ́yìn eré, ẹ má fomi fọ̀ ọ́. Nígbà òjò, ọkọ̀ lè rìn lórí koríko tútù tí àpótí iná ẹ̀ bá ti jẹ́ irú tí omi ò lè wọ̀, hẹlikọ́pítà tèmi ò mọ omi rárá. Ọ̀sán ò dáa fún K110, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sórí òrùlé onílé, àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. Àwòdì náà wà o. Wọ́n máa ń yí òkè ibi tí mo ti ń fò ẹ̀, àwọn àgbà ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, níbí yìí òun ló ń wo tèmi, tó bá ti rẹlẹ̀ jù mo máa ń sọ tèmi kalẹ̀ kó lọ.

Èrò ni wàhálà tó ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó bá gbá ọmọ lẹ́sẹ̀, ọmọ á sunkún, ẹ ó fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́. Abẹ̀bẹ̀ 450 ń yí tó ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi bisikíìtì ronú ẹ̀. Lọ́dún 2013, ní Brooklyn ní New York, ọmọ ọdún 19 kan kú nígbà tí hẹlikọ́pítà rìmóòtù tó ń fi ṣeré gbá a lórí, ti ẹ̀ sì tóbi ju 450 lọ. Torí náà níbi tí ọmọdé bá ti pé jọ, bó ṣe máa ń rí ní gbogbo pápá wa tí nǹkan bá ti dún vùù, mi ò ní tan án. Ọkọ̀ ni mo máa gbé jáde fún wọn.

Òfin náà tún wà. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ti kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa fi ohun tó ń fò láìsí èèyàn nínú ẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti ìyọ̀ǹda láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò orílẹ̀-èdè. Inú yàrá yín ò kàn wọ́n, ìta ló ń kàn wọ́n. Ẹ wádìí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohun tó tóbi, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí Abẹ́rẹ̀ tí sẹkitéríàtì ìjọba wà, bárékè àti ibi tí ṣọ́jà bá wà. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín léèrè ìwé ọkọ̀ 1/14.

Iná náà ńkọ́? Ohun tó dùn mọ́ mi nínú nípa ṣájà B6 ni pé ó lè mu láti ara bátìrì mọ́tò tàbí ti ínfátà, 12 fóòtì (volt) ló ń bèèrè, torí náà NEPA mú un lọ ni, kò mú un lọ ni, mò ń ṣááji. Bátìrì lítíọ́mù, sẹ́ẹ̀lì kan ẹ̀ kún ní 4.2 fóòtì, ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ ju 3.3 lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ẹ fi í sí 3.8. Èyí tó bá ti wú bí àkàrà, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ má lò ó mọ́. Inú ìkòkò amọ̀ ni mo ti ń ṣááji tèmi, lórí táìsì, mi ò sì ní fi sílẹ̀ kí n lọ mọ́ṣáláṣí tàbí kí n lọ sùn. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe á bá yín jó kọnẹ́tọ̀ tó bá já pọ̀ ní owó péréte, ẹ kàn rí i pé pupa àti dúdú ò kan ara wọn lọ́wọ́ wọn.

Ta ni kó ra èwo

Ẹni tó ní ọmọ nílé, ẹni tí àyè ẹ̀ ò ju Sunday lọ, ẹni tí ojú ń tì láti ṣubú níwájú èèyàn: ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé féèsì-mí-kí-n-féèsì-ẹ tí kò ní pápá nítòsí tó sì ṣáà fẹ́ nǹkan tó ń fò: S107 nínú yàrá lálẹ́, kò ju 20 sí 30 dọ́là lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn lára, àmọ́ ẹ pa fáànù. Ẹni tó jẹ́ pé tí rédíò ilé wọn bá bàjẹ́ òun ló máa tú u kó tó pe oníṣẹ́, tó lè jókòó ti nọ́ọ̀tì tó kéré ju ẹ̀pà lọ títí di aago kan òru tí kò ní bínú: ẹ̀yin ni hẹlikọ́pítà ń pè, K110 ni kẹ́ ẹ ra, ẹ fi 450 sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun, kó ra ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ pupa, kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún hẹlikọ́pítà tó dúró lójú kan.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ọkọ̀ ò ṣòroó yẹ̀ wò: ẹ gbé e sókè, ẹ fọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́ bóyá gíà ń fọ, ẹ mi táyà wò bóyá ó ń jó, ẹ wa á ní ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ fọwọ́ kan mọ́tò, tó bá gbóná débi tẹ́ ẹ ò lè dì í mú, ẹ dín owó. Ti hẹlikọ́pítà, ẹ ní kó ṣí ìbòrí ẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ ńlá rọra, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ìdí ṣáfùtì, tó bá ń gbọ̀n díẹ̀ báyìí, ó ti já rí, kò sí ohun tó lè sọ fún yín. Ẹ ka eyín gíà. Ẹ ti apá servo lọ ti i bọ̀ nígbà tí iná ò sí nínú ẹ̀, ẹ gbọ́ bó bá ń ké. Tó bá wá sọ pé òun ò lè ṣí ìbòrí, pé ó ti pẹ́ tí òun ti dì í, ẹ dá owó yín padà sápò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, ẹ wọ kòròpé padà sílé.